Iná Sólà Ojú Pópó: Ìmọ́lẹ̀ fún Ilẹ̀, Òkùnkùn fún Ojú Ọ̀run

   

Ọ̀rọ̀ iná sólà ojú pópó ni a fẹ́ sọ lónìí. Iná yìí wúlò púpọ̀. Kò béèrè wáyà láti ibi jíjìn, kò béèrè epo, oòrùn Ọlọ́run ló ń jẹ. Àmọ́ nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí. Ìmọ́lẹ̀ tí òpó wọ̀nyí ń dà sókè ọ̀run, èyí tí wọ́n ń dà wọ yàrá onílé àti èyí tí wọ́n ń dà sójú awakọ̀, kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ó ń ba òru jẹ́, ó sì ń jẹ bátìrì tó yẹ kó gbé iná náà dé Àsùbáà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ni pé iná sólà tí kò ba ojú ọ̀run jẹ́ náà ló máa ń pẹ́ jù lórí òpó. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní ilẹ̀ Sáúdí mọ Al-Sabeel ní Jẹ́dà. Adúgbò àtijọ́ ni, ọ̀kan lára àwọn ibi tí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti fìdí kalẹ̀ sí nílùú náà. Ẹlòmíràn wá ṣe Hájì, kò padà mọ́. Ẹlòmíràn wá iṣẹ́ wá. Láàárín 2021 sí 2022, ìjọba wó ọ̀pọ̀ adúgbò irú rẹ̀ ní Jẹ́dà, Al-Sabeel sì wà lára wọn, pé àwọn fẹ́ tún ìlú náà tò. Ó dun àwọn tó fi ilé sílẹ̀ níbẹ̀, a sì bá wọn kẹ́dùn. Ẹ̀kọ́ tó kan ọ̀rọ̀ wa lónìí ni pé ìgbà tí wọ́n bá ń la ọ̀nà tuntun ló rọrùn jù láti gbé iná tó tọ́ síbẹ̀. Bí a bá ti ri òpó tán, tí a ti náwó tán, àtúnṣe máa ń ṣòro. Ilẹ̀ Sáúdí ti fi ṣe àfojúsùn pé tó bá fi máa di 2030, ìdajì iná mànàmáná ilẹ̀ náà ni kó máa wá láti ara oòrùn, atẹ́gùn àti irú wọn. Nítorí náà, iná sólà ṣì ń bọ̀ wá pọ̀ sí i, níbẹ̀ àti nílé wa níbí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí iná bá tàn lórí òpó. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pín sọ́nà mẹ́ta. Apá kan ń balẹ̀ sójú títì, níbi tí a ti ń fẹ́ ẹ. Apá kejì ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wọlé tọ ẹni tó ń sùn, ó sì ń gún awakọ̀ lójú. Apá kẹta ń gba òkè lọ. Èyí tó gba òkè lọ yìí máa ń kọlu eruku, ọ̀rinrin àti èéfín inú afẹ́fẹ́, àwọn náà á tú u ká, gbogbo sánmà orí ìlú á wá máa funfun. Ní Jẹ́dà, Òkun Pupa wà níwájú, ọ̀rinrin rẹ̀ pọ̀. Aṣálẹ̀ wà lẹ́yìn, eruku rẹ̀ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé wa nígbà ọyẹ́, tí eruku bá bo ìlú. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ di púpọ̀ lójú ọ̀run.

Àwọ̀ iná náà tún ní ipa tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ní àwọ̀ búlúù nínú ni afẹ́fẹ́ máa ń tú ká jù; ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run fi ní àwọ̀ búlúù lọ́sàn-án. Iná LED funfun tí a ń rà lọ́jà, LED búlúù ló wà nínú rẹ̀. Èròjà aláwọ̀ ìyeyè ni wọ́n fi bò ó, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi di funfun. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí wọ́n bí ní Japan, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 nítorí LED búlúù yìí. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe fún aráyé. LED kì í jẹ iná púpọ̀, ó sì ń pẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni sólà kékeré fi lè tan ojú pópó láti àṣálẹ́ títí di Àsùbáà. Ṣùgbọ́n bí búlúù inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ìpalára rẹ̀ fún òru ṣe ń pọ̀ tó. Iná tó funfun báláú, irú èyí tí wọ́n kọ 6000K tàbí 6500K, ìyẹn òṣùwọ̀n àwọ̀ iná, sí lára páálí, ni búlúù rẹ̀ pọ̀ jù. Òun náà ló sì kún ọjà iná sólà.

Ní 2016, àwọn onímọ̀ tí Fabio Falchi ṣíwájú wọn gbé máàpù ojú ọ̀run òru jáde fún gbogbo ayé. Wọ́n rí i pé ó lé ní ìdá 80 nínú 100 aráyé tó ń gbé lábẹ́ ojú ọ̀run tí iná ti bà jẹ́. Wọ́n tún rí i pé ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta aráyé tí kò lè rí ọ̀wọ́ ìràwọ̀ tó tò rẹrẹ, tó la ojú ọ̀run já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, láti ibi tí wọ́n ń gbé. Ní 2023, Christopher Kyba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ohun tí àwọn ènìyàn fi ojú ara wọn rí lójú ọ̀run jọ láti 2011 sí 2022, ọ̀pọ̀ wọn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Èsì rẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ń fi nǹkan bí ìdá 9.6 nínú 100 pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Bí ó bá ń lọ bẹ́ẹ̀, kò ní í pé ọdún mẹ́jọ tí yóò fi di ìlọ́po méjì.

Ẹnìkan lè ní, "Kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ ìràwọ̀?" Ó kàn ọ́, pàápàá bí o bá jẹ́ Mùsùlùmí. Oṣù là ń wò kí a tó gba àwẹ̀, oṣù là ń wò kí a tó túnú, oṣù náà ló ń sọ ọjọ́ Arafat fún wa. Oṣù tuntun máa ń tín-ín-rín, ó máa ń wà nísàlẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn, kì í sì í pẹ́ kó tó wọ̀. Ní Jẹ́dà, orí òkun ni ìwọ̀-oòrùn wà. Ẹni tó bá dúró sínú ìlú láti wò ó, gbogbo iná etíkun ló wà láàárín òun àti oṣù. Lọ́dọọdún, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ Sáúdí máa ń pe àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wo oṣù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Ṣàbáánì. Ibi tí òkìkí wíwo oṣù wọn kàn sí ni Sudair àti Tumair, níhà àríwá Riyadh, nítòsí aṣálẹ̀, tó jìnnà sí iná ìlú ńlá.

Àsùbáà náà ńkọ́? Àwọn ààfáà wa kọ́ wa pé afẹ̀mọ́jú méjì ló wà. Ti èké máa ń yọ gàgàrà sókè ní ìlà-oòrùn, lẹ́yìn náà á ṣá. Ti òdodo máa ń tẹ́ rẹrẹ lẹ́bàá ilẹ̀, á sì máa mọ́lẹ̀ sí i. Ti òdodo yìí ni àkókò ìrun Àsùbáà àti òpin oúnjẹ sààrì so mọ́. Kàlẹ́ńdà Umm al-Qura tí wọ́n ń lò ní Sáúdí ń fi ìṣirò mọ̀ ọ́n: ìgbà tí oòrùn bá wà ní ìwọ̀n digirí 18.5 nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i bí àwọn baba wa ti ń ṣe, sánmà tó ti funfun láti alẹ́ kò ní í jẹ́ kó rí ìyàtọ̀ láàárín èké àti òdodo.

Bẹ́ẹ̀ ni kò mọ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nìkan. Lójú àwọn àgbà wa, ìràwọ̀ Àgùàlà ni ajá òṣùpá. Abẹ́ òṣùpá ni wọ́n ti ń pa àlọ́ fọ́mọ, ibẹ̀ ni eré òṣùpá ti ń wáyé. Ọmọ tó bá dàgbà sábẹ́ sánmà funfun kò ní í mọ ohun tí à ń wí.

Àwọn ẹ̀dá mìíràn náà ń jìyà rẹ̀. Etíkun Sáúdí ní Òkun Pupa jẹ́ ibi tí àwọn ìjàpá òkun ti ń yé ẹyin; Ras Baridi, lápá Yanbu, wà lára àwọn ibi tó lókìkí jù fún un. Òru ni àwọn ọmọ wọn máa ń jáde nínú iyanrìn. Ibi tó bá mọ́lẹ̀ jù ni wọ́n ń kọrí sí, nítorí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ayé, ojú òkun ló máa ń mọ́lẹ̀ jù lóru. Bí iná títì bá mọ́lẹ̀ ju òkun lọ, ọ̀nà títì ni wọ́n máa gbà, ibẹ̀ ni ọkọ̀, ajá àti oòrùn ọ̀sán á ti pa wọ́n. Ẹ sì mọ bí ẹ̀sunsun ṣe ń ya bo iná lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ni àfòpiná àti ọ̀pọ̀ kòkòrò ń kú lóròòru lẹ́bàá iná funfun. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n bá gbìn sítòsí iná ojú pópó máa ń pẹ́ kó tó gbó, nítorí gígùn òru ló fi ń mọ ìgbà. Àwa ènìyàn pàápàá, ara wa ń pèsè èròjà tó ń mú oorun wá nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń dá a dúró jù. Ìyẹn ló mú kí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà gba àwọn ìlú nímọ̀ràn ní 2016 pé iná LED ojú pópó wọn kò gbọdọ̀ ju 3000K lọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ sólà fúnra rẹ̀. Iná tó so mọ́ wáyà ìjọba lè ṣòfò títí ilẹ̀ á fi mọ́, owó ló máa pọ̀. Ti sólà kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì rẹ̀ dà bí ìkòkò omi ilé: ohun tí a bá pọn sínú rẹ̀ lọ́sàn-án la máa mu di ọjọ́ kejì, bí a bá dà á nù ní alẹ́, òùngbẹ á gbẹ wá lóru. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Bí iná òpó kan bá jẹ́ wáàtì 60, tó sì tàn kíkankíkan fún wákàtí 12, ohun tó máa jẹ nínú bátìrì ni wáàtì-wákàtí 720. Bí ó bá tàn kíkankíkan fún wákàtí márùn-ún àkọ́kọ́, nígbà tí èrò ṣì wà níta, tó wá relẹ̀ sí ìdá 30 nínú 100 fún wákàtí méje tó kù, 426 ni yóò jẹ. Bátìrì tó gba 900 kò lè gbé ti àkọ́kọ́ fún òru méjì, ṣùgbọ́n yóò gbé ti èkejì. Tí eruku bá bo panẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ kan, tí ìkùukùu bá bo oòrùn, ẹ ti mọ iná tí yóò kú kí ilẹ̀ tó mọ́ àti èyí tí yóò dúró. Bátìrì tí a kì í fà gbẹ lóròòru tún máa ń pẹ́ láyé, pàápàá nínú ooru bíi ti Jẹ́dà, tó ń sáré sọ bátìrì di arúgbó.

Àṣìṣe kan tún wà tí àwọn tó ń gbé iná sólà kọ́ máa ń ṣe. Irú iná kan wà tí panẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti gílóòbù rẹ̀ wà nínú àpótí kan ṣoṣo: panẹ́ẹ̀lì lókè, gílóòbù nísàlẹ̀. Nítorí kí panẹ́ẹ̀lì lè kọjú sí oòrùn, wọ́n á tẹ gbogbo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí panẹ́ẹ̀lì ṣe tẹ̀ náà ni gílóòbù tẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á kúrò lójú títì, á gbójú sókè. Kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Mẹ́kà mọ̀ pé lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 28 oṣù May àti ọjọ́ 16 oṣù July, oòrùn máa ń dúró gangan lókè Káábà ní ọ̀sán, tí òjìji ohun tó bá nàró á pòórá. Òun ni àwọn Mùsùlùmí kárí ayé fi ń yẹ kíbúlà wọn wò. Ilẹ̀ tí oòrùn ti ń ga tó báyìí kò nílò kí panẹ́ẹ̀lì dagun púpọ̀. Nǹkan bí digirí 21 ni Mẹ́kà fi jìnnà sí àárín ayé, Èkó kò sì ju bíi mẹ́fà àti ààbọ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, panẹ́ẹ̀lì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn gbalaja, kó kàn dagun díẹ̀ kí òjò lè fọ eruku rẹ̀ dànù. Ní Mẹ́kà àti Jẹ́dà, èyí tí panẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dá dúró lórí irin tirẹ̀ ló dára jù, kí panẹ́ẹ̀lì lè wo oòrùn, kí gílóòbù sì dojú kọ ilẹ̀.

Kí wá ni ká ṣe? Ní 2020, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo òkùnkùn òru lágbàáyé, tí wọ́n ń pè ní DarkSky báyìí, àti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iná ní Amẹ́ríkà jọ fẹnu kò lórí ohun márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí n sọ wọ́n bí ó ṣe bá iná sólà mu.

Èkínní, kí iná ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ibi tí ẹsẹ̀ kò gbà lóru, ẹ má ri òpó síbẹ̀.

Èkejì, kí ìmọ́lẹ̀ balẹ̀ síbi tí a fẹ́. Kí orí iná sùn gbalaja, kó ní ìbòrí lókè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá dúró lókèèrè kò yẹ kó rí gílóòbù náà. Ilẹ̀ tó mọ́lẹ̀ ló yẹ kó rí.

Ẹ̀kẹta, kó má pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Kì í ṣe wáàtì tó pọ̀ jù ló dára jù. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kó mọ ìgbà. Kó relẹ̀ nígbà tí èrò bá ti wọlé, kí sẹ́ńsọ̀ sì gbé e sókè bí ènìyàn bá ń kọjá. Ọ̀pọ̀ iná sólà ti ní èyí nínú láti ilé-iṣẹ́; ẹni tó gbé e kọ́ ni kì í ṣètò rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, àwọ̀ rẹ̀. Kó má ju 3000K lọ. 2200K tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí ẹ rà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní olè ńkọ́, òkùnkùn ni olè ń fẹ́. Òótọ́ ni, a kò sì sọ pé kí a pa iná. Ṣùgbọ́n iná tó ń gún ojú kì í fi olè hàn. Ojú ẹni tó bá wo iná báláú kò ní í lè rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, òjìji ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sì ṣókùnkùn biribiri. Ibẹ̀ gan-an ni olè ń lúgọ sí. Iná pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ tó tẹ́ dọ́gba lójú ọ̀nà ló ń jẹ́ ká rí ojú ẹni tó ń bọ̀. Ẹ tún wo Muzdalifah, níbi tí àwọn alálàájì ti ń sùn síta gbangba ní òru tí wọ́n bá ti Arafat dé, tí wọ́n ń ṣa òkúta. Èrò tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò iná kí wọ́n má baà tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ló yẹ kó mọ́lẹ̀, kì í ṣe ojú ọ̀run.

Àwọn ibòmíràn ti ṣe é. Flagstaff, ní Arizona ní Amẹ́ríkà, ti ṣòfin iná láti 1958, òun sì ni ìlú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi oyè ìlú olókùnkùn tòótọ́ dá lọ́lá, ní 2001. Tucson, ní ìpínlẹ̀ kan náà, pààrọ̀ iná ojú pópó tó sún mọ́ 20,000 sí LED tí kò ju 3000K lọ, wọ́n sì ń mú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ relẹ̀ ní ọ̀gànjọ́. Ilẹ̀ Faransé gbé òfin kalẹ̀ ní oṣù December 2018 tó dín ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ sókè kù, tó sì fi 3000K ṣe òpin fún ọ̀pọ̀ iná ìta. Ní ilẹ̀ Sáúdí fúnra rẹ̀, igbó ọba méjì ní AlUla, Manara àti AlGharameel, gba irú oyè òkùnkùn yìí ní 2024. Ìjọba tó lè dáàbò bo òru AlUla lè dáàbò bo òru adúgbò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ní Jẹ́dà.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ yín ni màá fi kádìí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín máa ń dá owó jọ láti ri iná sólà sí iwájú mọ́ṣáláṣí, sí ọjà àti sí ojú ọ̀nà ìlú yín, gẹ́gẹ́ bí sàárà tí kò ní í tán. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà á. K mélòó ni àwọ̀ rẹ̀? Ṣé orí rẹ̀ á sùn gbalaja, tí panẹ́ẹ̀lì á sì dá wà? Ṣé ó lè relẹ̀ fúnra rẹ̀ lóru? Ta ni yóò máa nu panẹ́ẹ̀lì, tí yóò sì pààrọ̀ bátìrì bó bá kú? Bí kò bá rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáhùn, ẹ fi owó yín sápò, kí ẹ wá ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin alága àdúgbò, ẹ̀yin aṣòfin tí ẹ ń pín iná sólà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Iná tí ẹ bá rì lónìí, ẹ jẹ́ kó dojú kọ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó pọ́n díẹ̀, ẹ jẹ́ kó mọ ìgbà tó yẹ kó relẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iná ẹnu ọ̀nà tiyín ní alẹ́ òní.